Kọ́ọ̀pù Méjì Lórí Tábìlì Aláró

Wolé-wolé dé, àgádágodo lọ́wọ́.

Ó ti búra: bí omi aró pupa tó ń ṣàn jáde ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aláró kò bá mọ́ lónìí, òun máa ti ibẹ̀ pa.

Kọ́ọ̀pù omi méjì wà lórí tábìlì. Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Aláró.

Wolé-wolé fi omi inú ọ̀kan ṣan awò ojú rẹ̀, kó lè rí ìkejì kedere.

"Ìyá, ẹ wo bó ṣe pọ́n ràkọ̀! Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́!"

"Èyí tí ẹ fi ṣan awò ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ìyẹn mọ́ gaara."

Ìyá Aláró ti ń jó.

"Omi aró mi nìyẹn! Èédú ṣùkù àgbàdo ni mo fi sẹ́ ẹ. Nídìí ẹ̀rọ omi ọ́fíìsì yín tó ti dípẹtà ni mo ti bu ìkejì. Ẹ yáa gbé àgádágodo yín lọ síbẹ̀!"