Kíámọ́sá àti Iṣẹ́ Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì, nígbà tí Kíámọ́sá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìwàǹwára ni àléébù ọkùnrin yìí, òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Àléébù rẹ̀ kejì ni pé kì í gbà pé òun jẹ̀bi.

Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ níbi iṣẹ́ wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ Kíámọ́sá yóò máa ka ìwé sókè fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú kan, wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Ìgbàkígbà tó bá tún kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń kọ fún ẹ̀rọ, ṣe, Línọ́ọ̀sì tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á gba ogún ìṣẹ́jú kó tó sọ ọ́ di ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ara Kíámọ́sá kò gbà á. Ó ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ràámù, ibi tó yára jù nínú ẹ̀rọ, ó ń lò ó bíi dísìkì tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ogún ìṣẹ́jú di mẹ́rin. Ó wá ń yangàn káàkiri ọ́fíìsì.

Àǹtí tó kọ́ ọ níṣẹ́ kìlọ̀ fún un pé tí a bá ti pa ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó wà nínú ràámù á pòórá. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe jáde ni kó máa kó síbẹ̀, kí kóòdù fúnra rẹ̀ wà lórí dísìkì.

"Àǹtí, ẹ fi tiyín sórí dísìkì, kí ẹ máa sùn dè é."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kóòdù ọjọ́ mẹ́sàn-án wà nínú ràámù, kò sì ní ẹ̀dà kankan. Kì í pa ẹ̀rọ náà bó bá ń lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn, ó rántí pé òun lòun pa ẹ̀rọ náà nírọ̀lẹ́ àná, níbi tó ti ń sáré lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bi í, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló yọ wáyà."

Wọ́n pe Ìyá. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò fọwọ́ kan wáyà ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Kíámọ́sá ń wo ilẹ̀.

Àǹtí fa àga, ó jókòó, ó ṣí àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Ó kà á sókè pé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yìí ló pàṣẹ pé kó kú, ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méje. Tó bá jẹ́ wáyà ni wọ́n yọ, kò ní sí àṣẹ kankan níbẹ̀.

"Ìwọ ni, Kíámọ́sá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá bẹ Ìyá pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Kíámọ́sá, ó sì ní Kíámọ́sá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà pé kò sí ètò lọ́jọ́ Ajé.

Kíámọ́sá kọ́kọ́ lọ bẹ Ìyá. Ìyá ní òun ti gbọ́.

"Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí n lọ kó ẹrù mi, ò ń wo ilẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí."

Kíámọ́sá padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó gbé fóònù, ó pe ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a lè tún ṣe kíákíá ni ká fi sínú ràámù. Ohun tí a fi ọjọ́ mẹ́sàn-án làágùn lé lórí, ibi tó dájú ni ká tọ́jú rẹ̀ sí, ká sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí a bá ṣàṣìṣe, ká sọ pé àwa ni, kí wọ́n tó lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.