Bàtà Ìlú Siena

Bàtà tí wọ́n há fún àwọn àlejò lẹ́nubodè ló ń mú Bàbá Olúgbodi kiri ìlú Siena. Bó bá fẹ́ dúró, bàtà á rìn. Bó bá fẹ́ yà, bàtà á kọ̀. Ó ti mú un wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró kan ni bàbá ń wò. Níbẹ̀ ni ìsun omi tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ ti máa ń bọ́jú láràárọ̀ wà, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí.

Ó yà síbẹ̀. Bàtà fà á padà. Bàbá jókòó sílẹ̀, ó bọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi!" Bàtà Fadérera, ọmọ rẹ̀, ti ń gbé e lọ. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ á lé wa nílùú bí ẹ bá bọ́ ọ!"

"Ìyá rẹ ò gbà kí n wọ bàtà wọ yàrá òun rí."

Bàtà òfìfo náà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ láàárín èrò. Bàbá juwọ́ sí i. "Ẹ bá mi wo ìyókù o!"

Kò tíì dé ibi omi tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lásán Fadérera lẹ́yìn rẹ̀. Fèrè àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ti ń dún bọ̀.

"Bàbá, wọ́n ti dé."

Bàbá dé ìsun náà, ó bu omi, ó nà án sí i. "Bọ́jú ná."