Fíláàṣì Mẹ́ta ní Ọjọ́ Jímọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ẹ̀mí ọmọ èèyàn sí ìkáwọ́ rẹ̀.

1.

Ní ọdún 2009, Morádéyọ̀ wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n gba ọlidé gígùn, olùkọ́ rẹ̀ obìnrin, Dókítà Afọlábí, mú un sọ́dọ̀ kó wá kọ́ iṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí àwọn aboyún ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa oyún: ṣé lẹ́nu nọ́ọ̀sì ni, àbí lẹ́nu aládùúgbò, àbí lórí Fésíbúùkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Wọ́n fún Morádéyọ̀ ní aboyún mẹ́fà ní Mowe. Ní gbogbo Ọjọ́rú, yóò lọ bá wọn nílé, yóò bi wọ́n ní ìbéèrè, yóò wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì Jọkẹ́ ló ń ka fọ́ọ̀mù yẹn ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, òun ni nọ́ọ̀sì yóò yà wò.

Ọmọ dáadáa ni Morádéyọ̀, ẹ má tíì bínú sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wọ́ bàtà nínú ẹrẹ̀ Mowe tí kò ráhùn.

2.

Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Nùsírátù ló sún mọ́ ọn jù. Télọ̀ ni, ọmọ Ìwó, òun àti Ṣàràfá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé yàrá kan. Wẹ́dà ni ọkọ, Ìbàfò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wojú Ọlọ́run kí oyún yìí tó dé. Tí Ọjọ́rú bá ti pé, Nùsírátù á ti sun àgbàdo de Morádéyọ̀.

"Àǹtí Nùsí, tí ohunkóhun bá ṣe yín, ẹ sáà fíláàṣì mi, màá wá."

"Dókítà mi! Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ ní kírẹ́díìtì rí? Fíláàṣì náà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rántí fíláàṣì? Kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, kéèyàn yára gé e, kí ẹni tó lówó nínú fóònù pe padà. Ṣùgbọ́n Nùsírátù fẹ́ràn ìkíni jù. Ó jí, á fíláàṣì. Ọmọ ta á nípàá nínú, á fíláàṣì. Tí Morádéyọ̀ bá pè é padà, á ní, "Kò sí nǹkan o, mo kàn ní kí n kí ẹ ni." Nígbà tó yá, Morádéyọ̀ kì í pè é padà mọ́.

3.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyí. Morádéyọ̀ dá ẹgbẹ́ aboyún kan sílẹ̀ lórí Fésíbúùkù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn ọ̀ọ́dúnrún fi wọlé. Obìnrin kan kọ̀wé sí i láti Lọ́ńdọ̀nù pé, "Ọlọ́run ló rán ẹ sí wa." Orí Morádéyọ̀ wú. Ta ni orí rẹ̀ kò ní wú?

Káfẹ́ kan wà létí títì ní Mowe. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Ní Ọjọ́rú kan, òjò rọ̀, kò lọ sílé ẹnikẹ́ni. Inú káfẹ́ ló ti kọ fọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ẹsẹ̀ kò wú. Orí kò fọ́. Ara le." Ó ní kí ló tún fẹ́ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Nọ́ọ̀sì Jọkẹ́ ka fọ́ọ̀mù ní Ọjọ́bọ̀. Ó rí i pé ara gbogbo wọn le. Kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

4.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ní aago méjì ọ̀sán, obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn béèrè pé ẹsẹ̀ òun ń wú, ṣé kò léwu? Morádéyọ̀ ń tẹ èsì lọ́wọ́ pé, "Ẹ má fi ṣeré o, ẹ tètè lọ rí nọ́ọ̀sì," ni fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Nùsírátù ni.

"Àǹtí yìí àti ìkíni," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó tún dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Morádéyọ̀ da ojú fóònù dé orí tábìlì, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní ilé, Nùsírátù nìkan ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti ọjọ́ mẹ́ta, orí ń fọ́ ọ bí ẹni pé yóò là, ojú rẹ̀ ń ṣú. Aago mẹ́rin kọjá kí Hàfísátù aládùúgbò rẹ̀ tó bá a nílẹ̀, tí gìrì ti mú un. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọsibítù. Àmọ́ nígbà yẹn, èrò tó ń lọ sí ìsìn òru Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù ní Kánǹpù àwọn onígbàgbọ́ ti dí títì pa. Ọ̀nà tí ì bá gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní aago méjì, wákàtí méjì ni wọ́n lò lórí rẹ̀.

Nùsírátù yè. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè.

5.

Dókítà Afọlábí gbé fọ́ọ̀mù síwájú Morádéyọ̀.

"Ṣé ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o fojú rí ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Morádéyọ̀ mi orí pé rárá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dun ún jù.

Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn Nùsírátù, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Nùsírátù ló tún di ọwọ́ rẹ̀ mú tó ń pẹ̀tù sí i.

"Má sunkún mọ́, Dókítà mi. Mo ti sọ fún Ṣàràfá kó má bínú sí ẹ. Mo ní iná ni ò sí, fóònù ẹ ti kú. Ká ní o rí i ni, wàá ti sáré wá."

Ká ní Morádéyọ̀ dákẹ́, irọ́ yẹn ìbá gbà á là. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láyè.

"Fóònù mi ò kú, àǹtí. Mo rí i. Mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Nùsírátù wò ó títí. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò fíláàṣì rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kàwé, ẹ̀yin tí wọ́n fi èèyàn sí ìkáwọ́ yín, mo bẹ̀ yín: ẹ má kọ ohun tí ojú yín kò rí. Ẹ má jẹ́ kí ìyìn ará òkè òkun mú yín gbàgbé ẹni tó wà ní òpópónà kejì. Ẹni tó ń kí yín lójoojúmọ́, tó bá tún pè, ẹ dá a lóhùn. Ẹ kò mọ èyí tó jẹ́ igbe nínú rẹ̀. Fíláàṣì àná kọ́ ni tòní. Ẹni tó bá fojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.