Kí Ilé Iṣẹ́ Kámẹ́rà Tó Pa Á Rẹ́

Kámẹ́rà tó wà lókè géètì Alhaja Ràmọ́tà, lójú ọ̀nà Ibefun ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í tọ́jú àwòrán sínú ara rẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kó o sí, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n sì máa ń pa ohun gbogbo rẹ́ tó bá ti pé ogójì ọjọ́. Ọjọ́ kọkàndínlógójì rèé tí ọkọ̀ kan gbá ọkọ rẹ̀, Alhaji Kàmọ́rù, níwájú géètì náà nígbà tó ń bọ̀ láti ìrun àsùbáà, tí ọkọ̀ ọ̀hún sì sá lọ. Alhaji ti kú, òun nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wo àwòrán náà.

Waris, ẹni ogójì ọdún tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Àjé, ló wá fúnra rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti sáfà kékeré kan lọ́wọ́, àpótí ìtọ́jú fídíò tí kò ju Kùránì ńlá lọ.

"Tí mo bá so àkántì Alhaji mọ́ èyí, mà, gbogbo fídíò náà á wá bá yín nílé. Ilé iṣẹ́ yẹn ò ní lágbára lórí ẹ̀ mọ́."

"Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Mo gbọ́ ọ ní mọ́sálásí ni, mà."

Wọ́n ti gba síìmù Alhaji padà. Orí rẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣí àkántì ń wọlé sí. Waris tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó tún un tẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó padà jókòó, ó tún dìde. Alhaja ń ka tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n kò mọ iye tó ti kà mọ́.

"Mu omi."

"Mo gbààwẹ̀, mà."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí irú ẹ̀."

Waris ò ṣàmín. Ìlà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ló ń wò.

Ní aago méjì ọ̀sán, àkántì so mọ́ sáfà, fídíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́ta, iná lọ. Waris sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fa okùn rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Fara balẹ̀," ni Alhaja wí. "Tí kò bá bọ́ sí i, a ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Rárá, mà. Ó gbọ́dọ̀ wọlé lónìí."

Nígbà tó wọlé tán, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ayman, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, ó sì dúró títí ìyẹn fi dáhùn pé òun ti rí i gbà.

"Ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, mà. Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́. Èmi gan-an ò lè pa á rẹ́."

"Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san rere."

Waris yí ojú kọ̀ǹpútà sí Alhaja, ó tẹ fídíò àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà gbá Alhaji, ó dúró. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ tì í, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbójú sókè sí kámẹ́rà: Waris ni.