Bàbá Tún Wọ Balùwẹ̀

Bàbá tún wọ balùwẹ̀.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà ṣọ̀ọ̀, tí Bàbá sì ń kọrin.

Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó fomi kan ara!

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni o."

"Mo mọ̀. Ara mi tún ti dọ̀tí."

"Níbo? Orí àga lẹ jókòó sí látàárọ̀!"

"Àga náà ní eruku."

Ìyàwó sáré gbé fóònù. Ó pe ọkọ rẹ̀: "Ẹ tètè máa bọ̀ nílé o. Bàbá ń ṣe bákan."

Bàbá jáde, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Ojú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà.

Ìyàwó yọjú lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ọgbà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìwẹ̀ gbogbo ilé kó tó gba páìpù lọ sídìí ẹ̀fọ́, omi ń rìn láti ebè dé ebè. Bí ìwẹ̀ ò bá pọ̀, kì í dé ebè tó kẹ́yìn.

Ìyá aránṣọ, opó ojúlé òdìkejì, ló ni ebè tó kẹ́yìn.

Ó gbójú sókè láàárín tòmátì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ó ti ń dé o! Ó ku díẹ̀ kó kárí!"

Bàbá yí padà wéré.

"Ìyàwó mi, ọṣẹ dà?"