Okùn Dígí Inú Òkìtì Ẹyìn

Ọdún mẹ́fà ni Látífù fi kàwé ní yunifásítì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù kó tó gba ìwé ẹ̀rí: kó fi ọjọ́ márùn-ún wọn bí òkìtì ẹyìn ṣe ń gbóná tó. Ọ̀dọ̀ Hàsíátù ní Banigbé ló wọ̀ sí, nítorí epo ìyá àgbà yìí kì í kan. Ṣebí bí a bá kó ẹyìn jọ, tí a da àpò bò ó kó lè rọ̀, inú rẹ̀ a máa gbóná fúnra rẹ̀. Bó bá gbóná jù, epo bàjẹ́ nìyẹn.

Látífù na okùn dígí kan, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ inú òkìtì.

"Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá, Ìyá àgbà. Ó pín sí méjì. Ọ̀kan gba inú ẹyìn, èkejì gba inú omi tútù. Bí wọ́n bá tún pàdé, ìyàtọ̀ àárín wọn ni ẹ̀rọ máa kà."

"Ọwọ́ làwa fi ń wò ó ní tiwa," Hàsíátù ní. "Òkìtì ò sì bínú rí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Hàsíátù tó rántí, ó ti ki ọwọ́ bọ òkìtì dé ìgbọ̀nwọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Nǹkan kan dún, pẹ́. Ó ká àpò sókè. Okùn ti já sí méjì. Ó ti orí rẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ ẹyìn, ó da àpò bò ó.

Látífù jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá àgbà. Báwo lòkìtì ṣe jí?"

"Ó jí bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun."

Látífù kọ nǹkan sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá wo ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kẹta: "Ó ti dà bí ẹ̀kọ."

"Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù, àbí èyí tó ti ṣe díẹ̀?"

"Ọmọ yìí! Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Látífù rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Ẹja tó tóbi jù ni Hàsíátù bù sí abọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Bó bá dúró láti kírun, okùn náà ló ń rí lórí ẹní.

Ó di Jímọ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n fún epo tán, Látífù padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn mẹ́ta. Ó ti yege. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú àgbàlá.

Hàsíátù kò fọwọ́ kan búrẹ́dì.

"Dìde. Èmi ni mo já okùn rẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì fi bò. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ rẹ kà, irọ́ ni. Lọ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ pé èmi ni."

Látífù kò dìde.

"Ìyá àgbà," ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, "okùn yẹn ti já níbòmíràn lórí alùpùpù kí n tó kúrò ní Ìgòlò wá síbí, ohun tí ẹ̀ ń fẹnu sọ fún mi láràárọ̀ ni mo kọ fún wọn."