Táyà Kẹrin

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ti Télọ̀ ti ku egungun.

Ìyàwó ẹ̀ ń fi ọ̀dà pupa kun mọ́tò ìṣeré tó ń tò pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọkọ ẹ̀ àtijọ́ ló ni mọ́tò yẹn!

"Olówó orí mi, táyà kan ló kù. Ẹ bá mi wá a."

Télọ̀ ń tẹ maṣíìnì kíkankíkan. "Mi ò rí i o."

Àárọ̀ yìí ló jù ú sí gọ́tà.

Ìyàwó mí kanlẹ̀. "Kò tò ó parí tó fi kú. Mo ṣèlérí pé màá bá a parí ẹ̀, kí n lè gbọ́kàn kúrò lára ẹ̀, kí n gbájú mọ́ yín."

Ẹsẹ̀ Télọ̀ dúró lórí maṣíìnì.

Ìyàwó ní, "Kò burú. Màá ra odidi mọ́tò míì, màá tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀."